Gbòǹgbò Ni À Ń Ṣí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Igi àti Ìkòkò

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Tchaourou ní Benin, ní Alafiarou, ní Goro àti Kika, ní Sanson, ní Tchatchou, títí dé Bétérou lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan yí ohùn rédíò sókè díẹ̀, nítorí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù.

Ọ̀rọ̀ ọmọ igi ni. A fọ́n irúgbìn sínú àwo tàbí sínú ìkòkò fífọ́, ó hù, ó kún bámúbámú. Ó wá tó àkókò tí a ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù bọ́ sínú ìkòkò tirẹ̀ tàbí ọ̀rá tirẹ̀. Ó lè jẹ́ òdòdó tí a fẹ́ gbé sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó lè jẹ́ ata, ó lè jẹ́ efinrin, ó sì lè jẹ́ igi tí àwọn ọmọ wa yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ibi ṣíṣí yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kú.

Tí ọmọ igi bá kú, ohun tí a máa ń sọ ni pé omi kò tó, tàbí pé oòrùn ti le jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ igi tó ń kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìkòkò, gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ti já lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Oòrùn kàn wá parí iṣẹ́ náà ni. Ewé là ń wò, ewé ló ń wù wá, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni à ń ṣí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀. Gbòǹgbò tó tóbi, tí ojú wa ń rí, kọ́ ló ń mu omi jù. Nítòsí ṣóńṣó gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, irun wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín débi pé agbára káká ni ojú lásán fi lè rí i. Irun yìí ló ń wọ àárín erùpẹ̀, òun ló ń fa omi àti oúnjẹ inú ilẹ̀. Kì í pẹ́ gbó, tuntun a sì máa rọ́pò rẹ̀ bí gbòǹgbò ṣe ń gùn sí i. Tí a bá wá fi ọwọ́ fa ọmọ igi tu bí ẹni ń tu koríko, gbogbo irun yẹn yóò já sínú ilẹ̀, ṣóńṣó gbòǹgbò yóò sì já mọ́ ọn. Ewé tó wà lókè kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Bó ṣe ń tú omi sí afẹ́fẹ́ lánàá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń tú u lónìí.

Omi tí ewé ń tú sílẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Hales lorúkọ rẹ̀. Ó gbé òdòdó oòrùn kan tòun ti ìkòkò rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó bo ojú ìkòkò náà kí omi má baà gba ibẹ̀ lọ, ó sì ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ó ń wọ̀n ọ́n lálẹ́. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1727, ó kọ ọ́ pé òdòdó yìí, tí gíga rẹ̀ kò ju mítà kan ó lé díẹ̀ lọ, ń tú omi tó ju ìdajì kílò lọ láàárín wákàtí 12 ojúmọmọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn o, níbi tí oòrùn kì í ti í mú tó tiwa. Ẹ wá ro ti Tchaourou nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láti àríwá, tí ètè olúkúlùkù ń ya. Ewé tí kò ní irun gbòǹgbò tí yóò máa fa omi fún un, báwo ni yóò ṣe là á já?

Àwọn tó ń gbin tẹ́ẹ̀kì ní agbègbè wa mọ nǹkan kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Wọ́n á hú ọmọ tẹ́ẹ̀kì tí ìdí rẹ̀ ti ki, wọ́n á gé gbogbo òkè rẹ̀ dànù títí yóò fi ku bí ìwọ̀n ìka méjì, wọ́n á gé gbòǹgbò rẹ̀ kù sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, wọ́n á sì kì í bọ inú ihò nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé igi ìdáná ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn òjò díẹ̀, á rúwé. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ewé kankan lórí rẹ̀ tó ń fi omi ṣòfò, gbòǹgbò rẹ̀ tó ki sì ti kó oúnjẹ pamọ́ sínú. Ṣùgbọ́n ọmọ òdòdó tó hù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kò ní ohun ìpamọ́ kankan. Gbogbo ohun tó ní láyé kò ju ewé díẹ̀ àti gbòǹgbò tín-ín-rín kan lọ. A kò gbọdọ̀ fi ojú tẹ́ẹ̀kì wò ó.

Ìgbà wo wá ló yẹ ká ṣí i? Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ nígbà tí irúgbìn bá hù kì í ṣe ewé igi náà gan-an. Inú kóró ni wọ́n ti wà, oúnjẹ inú wọn sì ni ọmọ igi náà ń jẹ kí ó tó lè wá tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ewé gidi méjì, èyí tó jọ ewé ìyá rẹ̀, yọ láàárín wọn. Ní ti ata, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí a fọ́n ọn. Nígbà yẹn ni kí ẹ ṣí i, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn láti dúró, a ní kó lágbára díẹ̀ sí i, kó ga díẹ̀ sí i. Àníyàn rere ni, ṣùgbọ́n ó ń pa ọmọ igi. Bó ṣe ń ga lókè ni gbòǹgbò rẹ̀ ń gùn nísàlẹ̀ tó sì ń lọ́ mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a kò sì ní lè yọ ọ̀kan láìfa èkejì ya. Èyí tó kéré, gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, gbogbo rẹ̀ yóò bá a jáde lódidi. Yóò dà bíi pé ó ti kéré jù lójú wa, síbẹ̀ nígbà tí oṣù méjì bá fi kọjá, òun ni yóò ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìkòkò. Ìkòkò ńlá kò dára fún ọmọ kékeré. Tí gbòǹgbò kò bá tíì dé etí ìkòkò, omi tí a ń bù sí i yóò dúró sínú erùpẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò mu ún, erùpẹ̀ náà yóò di ẹrẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò tán nínú rẹ̀, gbòǹgbò yóò sì rà. Gbòǹgbò pẹ̀lú ń mí. Ohun tó tó ife ìmumi kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀: agolo tòmátì, ìgò ike tí a gé sí méjì, ọ̀rá omi mímu tí a fọ̀ mọ́. Kí ihò sáà ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí omi yóò gbà jáde, ó kéré tán mẹ́ta mẹ́rin. Ìkòkò amọ̀ dára púpọ̀ ní àsìkò òjò, nítorí ara rẹ̀ ń mí. Ní àsìkò ọyẹ́, ara kan náà yẹn ni omi ń bá lọ, ike á wá sàn ju amọ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọ̀rá, òfin ti wà ní Benin láti oṣù kejìlá ọdún 2017 tó fi òpin sí ọ̀rá tí kì í jẹrà. Èyí tó bá ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un lò, ẹ má jù ú sí oko. Ọjọ́ tí igi bá sì fẹ́ wọ ilẹ̀, ẹ ya ọ̀rá náà kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Mo ti rí igi tí wọ́n sin tòun ti ọ̀rá. Kò kú, kò sì dàgbà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí ti àwọn tó ní ìwé-ẹ̀rí nìkan ni. Ní Kenya, ní 1977, Wangari Maathai dá ẹgbẹ́ Green Belt Movement sílẹ̀. Igi méje ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn nínú ọgbà kan ní Nairobi ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún yẹn. Àwọn obìnrin abúlé ló tọ́ ọmọ igi fún ẹgbẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba kò kọ́kọ́ gbà pé ẹni tí kò kàwé lè ṣe é. Àwọn ìyá yìí lo ìkòkò fífọ́ àti ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bà, wọ́n sì gbé e sókè kí adìẹ má baà dé ibẹ̀. Ní 2004, Maathai gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel. Ohun tí wọ́n ní, àwa náà ní in: agolo, erùpẹ̀, àti sùúrù.

Erùpẹ̀ wá ńkọ́? Ilẹ̀ agbègbè wa, yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, yangí sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀. Ẹ má kàn wa ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sínú ìkòkò. Ẹ wa ilẹ̀ dúdú lábẹ́ igi tó ti pẹ́, níbi tí ewé ti jẹrà, igbá mẹ́ta. Ẹ fi igbá kan yanrìn odò sí i, àti igbá kan ìgbẹ́ màlúù láti gáà àwọn Fúlàní. Ìgbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti jẹrà pátápátá, kó dúdú, kó má rùn mọ́, nítorí ìgbẹ́ tútù gbóná, á jó gbòǹgbò. Àwọn tó ń sun èédú pọ̀ láàárín wa. Èyí tó fọ́ wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rà, ẹ bu ìkúnwọ́ díẹ̀ sí i, á jẹ́ kí erùpẹ̀ náà ṣí, kó má lẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi híhó lé e lórí, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì.

Omi híhó yìí ṣe pàtàkì, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Àrùn kan wà tó máa ń gé ọmọ igi lọ́rùn. Ẹ ó sùn lálẹ́, gbogbo wọn dúró ṣánṣán. Ẹ ó jí láàárọ̀, mẹ́wàá ti dùbúlẹ̀, ìdí wọn ti rọ̀, ó ti tín-ín-rín níbi tó ti kan ilẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹnì kan ló fi ojú burúkú wò wọ́n. Kì í ṣe ẹnì kankan. Èbu ni, irú èyí tí ń gbé inú erùpẹ̀ tútù, ó sì fẹ́ràn ibi tí ọmọ igi bá ti há mọ́ra tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Èyí tó ti ṣubú kò ní gbóògùn. Ẹ yọ ọ́ kúrò tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ dín omi kù, ẹ bu yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sí ìdí àwọn tó kù, kí ẹ sì tètè ṣí wọn kúrò níbi tí wọ́n ti há mọ́ra. Omi òwúrọ̀ sàn ju omi alẹ́ lọ fún àwọn tó ṣì wà nínú àwo, kí ojú ilẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó ku ṣíṣí gan-an. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, kí ọmọ igi lè ní gbogbo òru láti fi sinmi. Ní bí wákàtí kan ṣáájú, ẹ bomi rin àwo tí wọ́n wà. Ẹ bomi rin erùpẹ̀ inú ìkòkò tuntun pẹ̀lú, kí ó tutù díẹ̀, kó má di ẹrẹ̀. Ẹ fi ìka lu ihò sí àárín rẹ̀. Ẹ wá fi ìdí ṣíbí, tàbí igi pẹlẹbẹ kan, wọ abẹ́ ọmọ igi náà, kí ẹ gbé e sókè tòun ti erùpẹ̀ tó dì mọ́ ọn. Ewé ni kí ẹ fi ọwọ́ dì mú, kí ẹ má di ọ̀pá rẹ̀ mú láéláé. Ewé tó bá ya, òmíràn á yọ. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní. Tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sókè ti dí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọmọdé ṣe olùrànlọ́wọ́, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn.

Ẹ sọ gbòǹgbò kalẹ̀ sínú ihò, kí ó tọ́, kí ó má ká lórí ara rẹ̀. Tí ihò kò bá jìn tó, ẹ tún un lù. Gbòǹgbò tó bá ká lọ́jọ́ yìí, kíká ni yóò máa ká lọ, igi ọdún mẹ́wàá lè wó nínú ìjì nítorí rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ dé lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó tún dé nínú ìkòkò. Tòmátì nìkan ni ẹ lè rì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pá rẹ̀ máa ń yọ gbòǹgbò níbi tí ilẹ̀ bá ti kàn án. Ìyókù, ìdí wọn yóò rà ni. Ẹ rọra fi ìka méjì ti erùpẹ̀ mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ le. Ẹ wọ́n omi sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti inú ìgò tí ẹ fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀. Èyí tí kò bá tíì kàn, ẹ fi àkísà tútù bò ó, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti tó láti pa irun gbòǹgbò.

Lẹ́yìn èyí, ìbòòji ló kàn. Ẹ gbé wọn sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tàbí sábẹ́ òrùlé ọ̀ọ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá rọ díẹ̀ lọ́sàn-án tí wọ́n sì jí lálẹ́, kò séwu. Ẹ má tìtorí ìyẹn da omi bò wọ́n. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ gé ìgò ike sí méjì kí ẹ fi bo ọmọ igi kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè tutù. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Dókítà kan ní London, Nathaniel Ward, ló ṣàkíyèsí ní 1829 pé koríko àti ewé kan hù nínú ìgò tó dé pa, wọ́n sì wà láàyè níbẹ̀, nígbà tí èéfín ìlú ń pa àwọn tó gbìn síta. Ní 1833, ó fi àpótí onígíláàsì méjì ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi sí Sydney ní Australia. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi wà lórí òkun, ọ̀pọ̀ nínú ewéko inú wọn sì dé láàyè. Kí oòrùn má sáà ta sí ìgò náà ní tààrà, torí inú rẹ̀ yóò gbóná. Kí ẹ sì máa ṣí i fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ máa kàn wọ́n, wákàtí kan, lẹ́yìn náà méjì. Ọ̀ọ̀dẹ̀ tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára jù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn kì í ṣàánú ọmọdé igi. Yàtọ̀ sí ìgbẹ́ tó ti wà nínú erùpẹ̀, ajílẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí gbòǹgbò tó fara pa kò lè gbà á. Ewúrẹ́ àti adìẹ sì wà: ẹ gbé àwọn ìkòkò náà sórí tábìlì.

Àwọn igi kan wà tí kò yẹ ká ṣí rárá. Káṣú wà lára wọn, ìbẹ́pẹ náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Inú ọ̀rá rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti gbin kóró káṣú, kí ẹ má sì tún ṣí i títí yóò fi wọ ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da kóró sínú omi. Èyí tó bá rì ni kí ẹ mú, èyí tó bá léfòó, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ibi tó ti so mọ́ èso rẹ̀ ni kó kọjú sókè.

Èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù ni igi òrí. Àwọn ìyá wa ń ṣa èso rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń fi ṣe òrí tí a fi ń pa ara tí a sì ń tà, ṣùgbọ́n èèyàn díẹ̀ ló ń gbìn ín, nítorí wọ́n ní kò ṣeé gbìn. Ó ṣeé gbìn. Bó ṣe ń hù ni kò dà bíi ti àwọn tó kù. Kóró rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń rán nǹkan bíi gbòǹgbò wọ inú ilẹ̀ lọ, a kò sì ní rí nǹkan kan lókè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Inú ilẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀ka tí yóò di igi ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó wá yọ sókè. Nígbà tí ẹ bá rí ewé rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti gùn ju gbogbo ohun tó wà lókè lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti da erùpẹ̀ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nù, wọ́n rò pé kóró ti jẹrà. Ẹ gbin kóró tútù, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ó jábọ́, nítorí kì í pẹ́ kú tó bá gbẹ. Ọ̀rá gígùn ni kí ẹ lò, kí ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ má sì fi ìka tú u wò. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí.

Ti àwọn tí kò nílò kóró rọrùn. Pèrègún, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ kì bọ ilẹ̀. Ọjà ìkòokò, ẹ pín ìdí rẹ̀. Àbámọdá ló dára jù fún ọmọ ilé-ìwé: etí ewé rẹ̀ ni ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń yọ tòun ti gbòǹgbò, ẹ ká ọ̀kan, ẹ gbé e sórí erùpẹ̀ nínú agolo.

Bí ọdún wa ṣe rí ni kí ẹ fi ṣètò iṣẹ́ yìí. Òjò Tchaourou máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, ó sì ń tán nínú oṣù kẹwàá. Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní Benin láti 1985, ọ̀pọ̀ ìkòkò àti ọ̀rá ni a máa ń tú lọ́jọ́ náà. Káṣú tí yóò wọ ilẹ̀ lásìkò yẹn, oṣù kẹta ni kó ti wà nínú ọ̀rá. Òdòdó àti ata, ẹ fọ́n wọn ní ìparí oṣù kẹta lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ lè ṣí wọn sí ìkòkò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, tí kò bá pọn dandan, ẹ má ṣí ohunkóhun.

Tí ẹ bá rí ṣóńṣó gbòǹgbò funfun tó yọ ní ihò ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ti tó àkókò láti gbé e lọ sí èyí tó fi bí ìka méjì fẹ̀ jù ú. Ẹ bomi rin ín, ẹ dojú ìkòkò dé ọwọ́, ẹ gbá ìdí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò yọ lódidi. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń so ẹ̀ka káṣú rere mọ́ ìdí káṣú mìíràn.